Iná Iwájú Tàn, Ẹ́ńjìnnì Kò Yí: Ìṣirò Ìdènà àti Ìṣàn Iná Bátìrì

Awakọ̀ kan wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ìró "kọ̀" kan ṣoṣo ni ó gbọ́. Ó tan iná iwájú wò, iná náà sì mọ́lẹ̀ kedere. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ti dá ẹjọ́: bátìrì kò ní àbùkù, sítátà ni ó bàjẹ́. Ó ra sítátà mìíràn ní owó gọbọi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dè é tán, ìró "kọ̀" náà ni ó tún gbọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò ni èyí: báwo ni bátìrì kan náà ṣe lè ní agbára tó fún iná, kí ó má sì ní èyí tí ó tó fún ẹ́ńjìnnì? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti há sórí láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ní ààbọ̀.

Iná bátìrì jẹ́ iná ọlọ́nà kan. Ó ń jáde láti orí kan bátìrì, ó ń gba inú wáyà àti ohun tí ń lò ó kọjá, ó sì ń padà sí orí kejì, láìyí ìdojúkọ rẹ̀ padà. Ipá tí ń tì í ni a ń fi fóòtì wọ̀n. Bí ìṣàn rẹ̀ ti pọ̀ tó ni a ń fi áńpíà wọ̀n. Ìdènà tí ó ń bá pàdé lọ́nà ni a ń fi óòmù wọ̀n. Bí a bá fi ìdènà pín ipá, ìṣàn ni yóò jáde. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni pé ìdènà gbogbo ọ̀nà náà ni a gbọ́dọ̀ kà, kì í ṣe ti ohun tí ojú rí nìkan.

Ẹni tí ó fi òfin yìí lélẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Georg Ohm, tí a bí ní Erlangen ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1789, jẹ́ olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Cologne. Bátìrì ìgbà náà kọ́kọ́ dà á láàmú, nítorí pé agbára rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó fi í sílẹ̀, ó so bàbà pọ̀ mọ́ bismuth, ó fi ojú ìsopọ̀ kan sínú omi híhó àti èkejì sínú yìnyín, ó sì wá rí ipá tí kì í yẹ̀. Ó fi wáyà bàbà oríṣiríṣi gígùn dán an wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlànà tí ó kọ jáde ní ọdún 1826, ohun méjì ni ó rò pọ̀ kí ó tó fi pín ipá: gígùn wáyà tí ó ń dán wò, àti iye kan tí ó dúró fún gbogbo ìyókù ọ̀nà iná náà. Ọdún 1827 ni ìwé rẹ̀ jáde. Àwọn ará ilé kò kọ́kọ́ kà á sí. Ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní ọdún 1841.

Kí a wá fi ìlànà rẹ̀ wo ọkọ̀ tí kò dáhùn yìí. Kí a gbà pé ipá bátìrì jẹ́ fóòtì 12, pé ìdènà inú bátìrì fúnra rẹ̀ jẹ́ óòmù 0.02, àti pé ti sítátà, nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, jẹ́ 0.06. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń tọ̀, nítorí náà ńṣe ni a ó ro ìdènà méjèèjì pọ̀: 0.08. Bí a bá fi èyí pín 12, ìṣàn jẹ́ áńpíà 150. Fóòtì 3 bá inú bátìrì lọ, 9 dé ọ̀dọ̀ sítátà, ẹ́ńjìnnì sì yí.

Ti iná iwájú yàtọ̀. Gílóòbù méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60, ó sì ń gba áńpíà 5. Ìdènà rẹ̀ nígbà náà jẹ́ óòmù 2.4. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọn gílóòbù tí ó tutù kí ó sì rò pé ìṣirò yìí kùnà: okùn inú rẹ̀ tí kò tíì gbóná kì í ní ìdènà tó bẹ́ẹ̀.) Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni a de àwọn méjèèjì sí, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí a bá lu ihò kejì sí ara àgbá omi, omi tí ń jáde yóò pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kejì ṣe ń dín ìdènà kù, tí 2.4 méjì fi di 1.2. Àfiwé omi yìí ní ibi tí ó parí sí, nítorí pé bí wáyà bá já, iná kì í dà sílẹ̀, ńṣe ni ó ń dúró. Bí a bá ro 0.02 ti bátìrì mọ́ 1.2, ìṣàn kò ju nǹkan bí áńpíà 9.8 lọ.

Nísinsìnyí, kí ohun funfun bí ẹfun hù sí ibi tí wáyà ti dì mọ́ orí bátìrì, kí ó sì fi óòmù 0.04 péré kún ìdènà. Fún iná iwájú, àpapọ̀ di 1.26, ìṣàn di nǹkan bí 9.5. Ojú kò lè tètè mọ ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n fún sítátà, 0.08 di 0.12. Ìṣàn já wálẹ̀ sí áńpíà 100. Fóòtì 2 lọ sínú bátìrì, 4 lọ sí ibi tí ó hu ẹfun, 6 péré ni ó kù fún sítátà. Agbára tí ó wà ní wáàtì 1,350 di 600, kò tó ìdajì. Wáàtì 400 sì ń di ooru lásán lórí bátìrì, tí ibẹ̀ fi ń gbóná bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ léraléra.

Òṣùwọ̀n óòmù tí ó wọ́pọ̀ kò lè rí 0.04 yìí, nítorí pé okùn òṣùwọ̀n náà gan-an lè ní ìdènà tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n fóòtì ni kí a lò: ẹsẹ̀ kan lórí bátìrì gan-an, ìkejì lórí irin tí ó di wáyà mú, kí ẹnì kan sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọwọ́ òṣùwọ̀n bá lọ sí 4 nígbà tí ìṣàn jẹ́ 100, ìdènà ti fojú hàn. Bí kò bá sí ẹni tí ó yí kọ́kọ́rọ́, òdo ni yóò kà, nítorí pé níbi tí ìṣàn kò bá sí, ìdènà kì í gba fóòtì kankan. Ìdí nìyí tí bátìrì fi lè fi 12 hàn nígbà tí ọkọ̀ sinmi, kí àbùkù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí awakọ̀ náà rí ẹni tí ó mọ èyí, wọ́n tú wáyà kúrò lórí bátìrì, wọ́n fi omi gbígbóná wẹ orí méjèèjì, wọ́n ha á títí ó fi dán, wọ́n sì dì í padà pinpin. Sítátà àtijọ́ tí ó ti jù sí ẹ̀yìn ilé kò ní àbùkù kankan.