Nígbà Tí Òfin Sọ Olùrà Kòkó Di Ẹyọ Kan

Bí àgbẹ̀ kan bá kó ẹ̀gẹ́ dé ọjà Ìyànà Ọ̀fà, tí alájàpá dá iye tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní í bá a jà. Yóò gbé ẹrù rẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. Olùrà tó pọ̀ ni agbára àgbẹ̀. Fún bí ogójì ọdún, òfin gba agbára yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbin kòkó.

Lọ́dún 1947 ni ìjọba amúnisìn dá bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ bọ́ọ̀dù ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Òun nìkan ni òfin gbà láyè láti ra kòkó tí yóò lọ sókè òkun. Àwọn tó ní láísẹ́ńsì ń rà á káàkiri abúlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń rà á fún, bọ́ọ̀dù ló sì ń dá iye lé e. Ìbáà ṣe ogún olùrà ló jókòó sọ́jà, ọ̀gá kan náà ló rán gbogbo wọn.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò burú. Iye kòkó a máa fò, a sì máa já lójijì. Wọ́n ní bọ́ọ̀dù yóò tọ́jú owó lọ́dún tó bá wọ́n, kí ó lè fi gbe àgbẹ̀ lọ́dún tó bá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo 1954. Tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá £400 ní London; ohun tí bọ́ọ̀dù dá fún àgbẹ̀ kò ju £200 lọ. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti owó ibodè kúrò, èyí tó kù ṣì pọ̀. Ìjọba mú nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú, ọmọ àgbẹ̀ náà sì jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, owó orí ni, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí olùrà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan kò rí ibi nájà. Nígbà tí owó kòkó kéré, tí wọ́n tún ń lé àwọn èèyàn kiri nítorí owó orí, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968, ní Akànràn àti àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká. Tàfá Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀mí ṣòfò kí Awólọ́wọ̀, aṣáájú òṣèlú Yorùbá, tó bá wọn sọ̀rọ̀, kí owó orí sì tó wálẹ̀ sí £2 ní 1969.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àwọn bọ́ọ̀dù ká. Olùrà pọ̀, owó kòkó gbéra sọ. Àléébù kan yọjú: àwọn kan ń ra kòkó tí kò tíì gbẹ, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú wọn. Iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀: kí ó yẹ kòkó wò, kí ó yẹ òṣùwọ̀n wò. Bí ẹnikẹ́ni bá tún dábàá bọ́ọ̀dù fún yín, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ẹlòmíràn ṣì lè ra kòkó lọ́wọ́ yín.