Kantíkantí ìdí ẹmu àti lẹ́tà inú àjogúnbá

Bí wọ́n bá gbé ẹmu kalẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ, kíá ni kantíkantí yóò rọ́ bò ó. Jíìnì kan, Adh, ló ń jẹ́ kí ara kòkòrò náà lè gba ọtí.

Lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ló para pọ̀ di jíìnì. Ní ọdún 1983, onímọ̀ Martin Kreitman fi Adh 11 wéra: ibi 43 ni lẹ́tà ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ló yí iṣẹ́ ọwọ́ jíìnì náà padà.

Àmọ́ ẹyọ kan tó ìjàngbọ̀n. Nínú jíìnì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, A tó di T ni orírun àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, bí ọmọ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Kí àfẹ́sọ́nà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣègbéyàwó.