Bí Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Dé Ọpọlọ

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ẹnu àbúrò bàbá mi ṣàdéédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní lùkímíà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an sì ti ń dáa. Kí ló wá kan ẹnu?

Ẹ rántí Bàọ́lọ́jì: inú mùdùnmúdùn eegun lara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tí lùkímíà bá dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò gbó á máa pọ̀ ṣáá níbẹ̀, wọn ò ní í ṣiṣẹ́, wọn ò sì ní í jẹ́ káwọn tó ń ṣiṣẹ́ ráyè. Wọ́n lè dé inú omi tó yí ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn ká. Irú tí wọ́n ń pè ní ALL ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ọmọdé ló wọ́pọ̀ lára wọn, àmọ́ àgbàlagbà náà ń ní in.

Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ le bíi bàbá ọdẹ tó wà ní géètì wa. Kì í jẹ́ kí májèlé wọlé, àmọ́ ó ń lé ọ̀pọ̀ oògùn padà náà! Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ń sá pamọ́ sí. Ní 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà rí i lára eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ò tiẹ̀ gba géètì: ẹ̀yìn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó la eegun kọjá ni wọ́n ń tọ̀ wọ inú omi náà.

Orí fífọ́, èébì, kéèyàn máa rí nǹkan kan ní méjì, kí àgbọ̀n kú tàbí kí ẹnu wọ́, gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ àmì. Ìgbà míì, kò ní í sí àmì rárá. Ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi ń gún abẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí okùn yẹn ti parí, láti fa omi náà wò, kí wọ́n sì gba ibẹ̀ fi oògùn methotrexate sí i. Bí wọn ò tiẹ̀ rí nǹkan kan, wọ́n ṣì ń fún aláìsàn ALL. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń gba ibẹ̀ o: vincristine, tí wọ́n ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, á pa èèyàn tó bá ṣèèṣì gba ẹ̀yìn wọlé.

Inú omi ẹ̀yìn àbúrò bàbá mi ni wọ́n ti rí i. Ẹnu wọn ti ń padà sípò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kẹrin.