Gèèmù Kan Ló Já A: Ìṣirò Tó Wà Nídìí Ova 2.5

Bí ẹ bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, gbólóhùn kan wà tí ẹ ò ní ṣàì gbọ́: "Gèèmù kan péré ló já tíkẹ́ẹ̀tì mi." Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í fajú ro bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan nǹkan náà, tó kàn bọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ova 2.5 ló kún inú tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí wọ́n gbà pé òun ló rọrùn jù: ẹgbẹ́ tó bá wù kó borí, góòlù sáà ti wọlé. Owó oúnjẹ àti owó iléèwé ń bá a lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jókòó ti ìṣirò rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ta tẹ́tẹ́: ẹni tó mú ova 2.5 ń sọ pé àpapọ̀ góòlù ẹgbẹ́ méjèèjì kò ní dín ní mẹ́ta. Ẹni tó mú ọ́ńdà ń sọ pé kò ní ju méjì lọ. Kò sẹ́ni tó lè gbá ìdajì góòlù wọlé. Wọ́n fi ìdajì yẹn síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà já sí ọ̀mì ni.

Kí ló dé tó jẹ́ 2.5? Ẹ wo Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 lọ́dún. Ní sáà 2022/23, góòlù 1,084 ló wọlé, ìyẹn 2.85 fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ní 2023/24, ó fò sókè di 1,246, ìyẹn 3.28, tó ga jù láti ìgbà tí líìgì náà ti di ti ẹgbẹ́ ogún. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìyẹn, ìtòsí 2.7 ló máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká mú 2.7 yẹn. Tí a bá pín ìṣẹ́jú 90 sí i, góòlù kan yóò máa wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 sí 33. Ìyẹn ni pé nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àǹfààní tí góòlù ní láti wọlé kò ju bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ da ọmọ ayò 100 sínú igbá, kí ẹ fi ẹfun kun mẹ́ta nínú wọn. Ẹ dijú, ẹ mú ọ̀kan, ẹ wò ó, ẹ dá a padà, ẹ ro igbá pọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 90. Iye ìgbà tí ẹ bá mú èyí tó ní ẹfun, iye góòlù ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Tí ẹ bá gbá irú "bọ́ọ̀lù inú igbá" yìí nígbà 1,000, nǹkan bí 67 ni kò ní ní góòlù kankan, 182 á ní ẹyọ kan, 245 á ní méjì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 494, ọ́ńdà nìyẹn. 506 tó kù jẹ́ ova. Ṣé ẹ rí i? Ìdajì sí ìdajì ni, bíi kéèyàn ju owó ẹyọ sókè.

Siméon Denis Poisson, ará Faransé, ló kọ ìlànà ìṣirò yìí sínú ìwé ní 1837. Ẹni tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Ladislaus Bortkiewicz, ní 1898, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ló fi ṣàlàyé o. Ẹṣin ni! Ó kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Prussia tí ẹṣin ta nípàá jọ. Nínú ìdìpọ̀ ọmọ ogun mẹ́wàá fún ogún ọdún, ìyẹn àkọsílẹ̀ 200, mọ́kàndínláàádọ́fà (109) ni kò sẹ́ni tó kú, 65 ní ẹnì kan, 22 ní ẹni méjì, 3 ní ẹni mẹ́ta, ẹyọ kan ní ẹni mẹ́rin. Ìṣirò Poisson ti sọ pé kó jẹ́ nǹkan bí 109, 66, 20, 4 àti 1. Kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ṣójà tí ẹṣin máa ta lọ́la, síbẹ̀ àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Bí góòlù náà ṣe rí nìyẹn.

Ìlànà yìí kò bá gbogbo eré mu ṣá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta ova àti ọ́ńdà lórí bọ́ọ̀lù NFL, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ààlà tiwọn sì sábà máa ń wà láàárín 40 sí 50 póíǹtì. Ṣùgbọ́n póíǹtì ibẹ̀ kì í sábà wọlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ló máa ń jẹ́ tí wọ́n bá gbá a gba àárín òpó, tí wọ́n bá gbé e dé ẹ̀yìn ìlà ó di mẹ́fà, tó sábà máa ń di méje. Nǹkan tó ń dé ní òkìtì-òkìtì báyẹn, ọmọ ayò wa kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ládùúgbò wa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo bọ́ọ̀lù tí mò ń wò yìí, asán ni?" Kì í ṣe asán. Ìmọ̀ bọ́ọ̀lù lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan yẹ fún 3.2, òmíràn fún 2.1. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé tẹ́tẹ́ ti ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó jí, ó sì ti wà nínú ọ́ọ̀dì. Láti 1997 ni Mark Dixon àti Stuart Coles ti tẹ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣírò agbára ìkọlù àti ààbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde. Matthew Benham, tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Oxford, fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rí owó nídìí tẹ́tẹ́, òun ló wá ra Brentford. Irú wọn ni ọmọ wa yìí ń bá figagbága pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "Òdo sí òdo ní ìṣẹ́jú 60, góòlù ti yẹ kó máa bọ̀." Igbá kò rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 ló kù, góòlù 0.9 ló sì tọ́ sí i. Àǹfààní pé mẹ́ta máa wọlé kò ju nǹkan bí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bóyá kó lé díẹ̀, torí góòlù máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i lápá kejì eré.

Ẹ wá jẹ́ ká ka owó. Ká ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jẹ́ ìdajì sí ìdajì, ọ́ọ̀dì tó yẹ ni 2.00. Ká ní 1.85 ni ilé tẹ́tẹ́ fún yín. Lórí ₦1,000, ₦925 ló ń padà sọ́wọ́ yín tí a bá pín in dọ́gba. ₦75 kò jọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ta ló ń ta ẹyọ gèèmù kan? Mẹ́wàá ni wọ́n ń so pọ̀, gèèmù kọ̀ọ̀kan ló sì ń bu tiẹ̀ nínú èyí tí òmíràn ti bù kù. Ẹ jẹ́ kí èèyàn 1,024 ta gèèmù mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ₦1,000. Owó tó wọlé jẹ́ ₦1,024,000. Ní ìpíndọ́gba, ẹnì kan ṣoṣo ló máa jẹ, á sì gba nǹkan bí ₦469,600.

Ẹni mélòó ni gèèmù kan máa já tíkẹ́ẹ̀tì wọn? Mẹ́wàá. Àwọn tí gèèmù méjì máa já tiwọn jẹ́ 45. Torí náà, fún ẹnì kan tó jẹ, àwọn mẹ́wàá wà lójú pópó tí wọ́n ń sọ pé ó kù díẹ̀. Ní 2009, Luke Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge wo ọpọlọ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì rí i pé "ó kù díẹ̀" ń ta àwọn ibì kan nínú ọpọlọ tí jíjẹ gan-an máa ń ta jí, ó sì ń mú kó wu èèyàn láti tún ta. Tíkẹ́ẹ̀tì tó kù díẹ̀ ò sì san kọ́bọ̀.

Àwọn ilé tẹ́tẹ́ kan tún máa ń fi bónọ́ọ̀sì lé e fún ẹni tó bá so gèèmù púpọ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ẹni tó jẹ. Ó máa gba nǹkan bí ₦563,500. Nínú owó àwọn èèyàn 1,024 yẹn, nǹkan bí ₦460,500 ló ṣì kù sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà.