Ọmọ Ta Ni Ọ́? Ohun Tí Ìkànnì Ọmọ Ìlú Lè Kọ́ Lára Ẹgbẹ́ Parapọ̀

Ọmọ Odo-Ape tó ń gbé ní Abuja, èyí tó wà l'Ékòó àti èyí tó ti ré òkun kọjá, ojú kan náà ni wọ́n ti ń gbúròó ilé lóde òní: gúrúùpù WhatsApp. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń túfọ̀ òkú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá owó àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jà. Bó ṣe rí ní wọ́ọ̀dù yìí, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú ní ìpínlẹ̀ Kogí, náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ẹni tó ń darí gúrúùpù náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ádímìn, ti di olóyè láìjẹ oyè. Òun ló ń gba èèyàn wọlé, òun ló ń yọ èèyàn jáde, ó sì lè jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó sọ ọ́ di ọ̀gá ni pé òun ló kọ́kọ́ ṣí i.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ń jẹyọ lemọ́lemọ́ nípàdé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pé kí ìlú ní ìkànnì ti ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀rẹ́ á ti máa rí ọ̀rẹ́, tí ẹbí á ti máa rí ẹbí. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà tó lè ṣe é. Wọ́n kàn sábà máa ń wo Facebook ṣe é ni, bẹ́ẹ̀ àwòṣe tó dára jù ú lọ wà nílé: ẹgbẹ́ parapọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti pẹ́. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó tẹ̀dó sí àríwá Ghana ti ní tiwọn kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní 1969. Ní London ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945, kí wọ́n tó wá ṣí i ní gbangba ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Ní ilẹ̀ àwọn Yorùbá Okun, tí Odo-Ape wà nínú rẹ̀, ìjọba ò dúró lójú kan. Abẹ́ Àríwá ni wọ́n wà láyé òyìnbó. Ní 1967 wọ́n bọ́ sí ìpínlẹ̀ tó di Kwara. Ní 27 Oṣù Kẹjọ 1991 wọ́n bọ́ sí Kogí. Kàdúná, Ìlọrin, Lọ́kọ́ja: ibi tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ wọn lọ ń yí, ẹgbẹ́ ni kò yí. Lónìí, Okun Development Association ló kó Bùnú, Òwé, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ pọ̀.

Ẹ wo bí ẹgbẹ́ ṣe ń gba èèyàn. Bí ojú tuntun bá wọ ìpàdé, ìbéèrè ló máa ń ṣáájú: ọmọ ta ni ọ́? Agboolé wo? Ta ló mọ̀ ọ́ níbí? Bí ẹnì kan bá dìde tó ní òun mọ bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni ẹ̀mí ẹgbẹ́, torí òun ló mọ ẹni tó wá, ẹni tó san owó oṣù, ẹni tó jẹ gbèsè àti ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí. Owó ńkọ́? Ọwọ́ akápò ló wà. Alága ló ń fúnni láyè láti sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ á san owó ìtanràn. Lórí WhatsApp, ádímìn nìkan ló gbé gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí rù, kò sì ní ìwé. Bí fóònù rẹ̀ bá sọnù, ó ṣeé ṣe kí ìtàn ẹgbẹ́ bá a lọ.

Àwọn tó dá Facebook sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹgbẹ́ parapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mark Zuckerberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí i ní 4 Oṣù Kejì 2004, ẹni tí kò bá ní àdírẹ́sì ímeèlì Harvard kò lè wọlé. Oṣù Kẹsàn-án 2006 ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè "ta ló mọ̀ ọ́" kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tí ayédèrú orúkọ rí ibi gbà wọlé. Nextdoor, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2011 fún àwọn aládùúgbò, gbìyànjú láti dá ìbéèrè náà padà: ó ń fi káàdì ránṣẹ́ sílé èèyàn látọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kó lè mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń gbé lóòótọ́. Níbi tí ilé kò ti ní nọ́ńbà, ọgbọ́n yẹn kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí ìlú mọ̀ jẹ́rìí ẹni tuntun, kí orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí náà sì hàn lójú ewé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gba àlàyé. Ẹni tó ń kánjú á tẹ "Tope", ẹlòmíràn á tẹ "Tọpẹ", ẹni tó bìkítà á tẹ "Tọ́pẹ́". Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Àní ẹni méjì tó fàmì sí i pé pérépéré lè má bára mu, nítorí Unicode, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, ya ààyè kan sọ́tọ̀ fún "ọ", kò sì yà á fún "ọ́". Ńṣe ni àmì ohùn máa ń tẹ̀ lé lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀. Fóònù kan sì lè fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà níbi tí òmíràn fi àmì róbótó sí. Ìkànnì tí kò bá kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ọ̀kan kó tó wá orúkọ á sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tí ọmọ náà sì wà níbẹ̀. Obìnrin tó ti lọ ilé ọkọ, tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ńkọ́? Ẹ fi agboolé bàbá rẹ̀ sí i, àwọn tí wọ́n jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ á rí i.

Àwọn tó wà nílé gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ẹni tó wà ní London lè wo fídíò títí ilẹ̀ á fi mọ́, àmọ́ àgbẹ̀ tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ nílò ewé tó fúyẹ́ tó lè ṣí lórí fóònù kékeré, àti ohùn tó lè gbọ́ bí kò bá mọ̀wé kà.

Ohun tó ká mi lára jù ni àkọsílẹ̀. Ní 1995, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Elisha Renne, ṣe ìwé odidi kan lórí aṣọ nínú ìgbésí ayé àwọn ará Bùnú, títí kan aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sìnkú ìjòyè. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Washington ló tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣe é. Ṣùgbọ́n fọ́tò tó wà nínú àpótí àwọn ìyá wa, orúkọ àwọn tó hun aṣọ náà, ohùn àwọn tó ṣì mọ̀ ọ́n hun: ibo ni à ń kó wọn sí? Tí a bá jù wọ́n sórí WhatsApp, "ẹ kú àárọ̀" ọgọ́rùn-ún á bò wọ́n mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kíkó wọn jọ nìkan kò sì tó. Nairaland, tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005, ti fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà lè kọ́ ibi ìpàdé ńlá láìdúró de òyìnbó. Ní Oṣù Kẹfà 2014, àwọn ọ̀daràn wọ inú rẹ̀, wọ́n pa á rẹ́. Nígbà tó fi máa padà, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti ń kọ fún oṣù bíi mélòó kan ti lọ. Ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà níbi méjì tí ọ̀kan kò mọ̀ nípa èkejì.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti bu ọwọ́ lu òfin ìdáàbòbò dátà, ẹni tó bá kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn jọ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe, kó sì dáàbò bò wọ́n. Ó sàn kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA 2020, kí orúkọ ìkànnì náà sì wà lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kó má ṣe jẹ́ ti ọ̀dọ́ tó ṣe é, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Kí akápò máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún láti inú àpò ẹgbẹ́. Kí ẹni méjì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ọ̀kan nínú wọn máa gbé nílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dìbò yan akọ̀wé tuntun, kí ti àtijọ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ìpàdé, níṣojú gbogbo ilé.