Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Eré nípa ẹjọ́ èké

Orúkọ Korey Wise kò sí lára àwọn tí ọlọ́pàá New York ń wá lọ́dún 1989. Ó kàn sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, Yusef Salaam, lọ sí àgọ́ wọn ni. Ó lò ju ọdún 11 lọ lẹ́wọ̀n.

Òun àti Yusef wà lára ọmọ márùn-ún tí wọ́n purọ́ ìfipábánilòpọ̀ mọ́: aláwọ̀ dúdú mẹ́rin, Látínò kan. Lọ́dún 2002, ọ̀daràn gan-an jẹ́wọ́, àyẹ̀wò DNA sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìwé ìròyìn ti kọ gbogbo èyí. Àmọ́ When They See Us, eré alápá mẹ́rin tí Ava DuVernay ṣe lọ́dún 2019, ló jẹ́ ká rí ojú ọmọdé tí oorun àti ebi ń pa, tó ń jẹ́wọ́ irọ́ kó lè lọ sílé. Ẹ wá a wò, pàápàá apá kẹrin.