Ọjọ́ mẹ́ta láti Okpomèta sí etí òkun: bí ẹ ṣe lè rí Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Ouidah láì sáré pa ara yín

Bí ẹ bá bi àwọn ará Okpomèta léèrè bóyá wọ́n mọ Kútọnu, púpọ̀ nínú wọn yóò ní àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó ń kó àgbàdo àti gàrí lọ tà mọ ọjà Dantokpa. Ẹni tó ti gbé aláìsàn lọ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì mọ Abomey-Calavi. Ṣùgbọ́n ẹ tún bèèrè pé ta ló ti dúró létí òkun rí, tó sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà ní Ouidah. Àwọn tó máa nawọ́ kò ní pọ̀.

Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ń ti Brazil wọ bàlúù wá síbẹ̀. Ní Bahia, Ketu ni orúkọ ẹ̀ka Candomblé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ń jẹ́, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọrin fún àwọn òrìṣà wọn níbẹ̀ títí di òní. Ilẹ̀ Kétu yìí náà ni wọ́n ń dá lórúkọ. Ó yẹ kí ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà, tí òkun kò jìnnà tó igba kìlómítà sí i, rí ibi tí àwọn tó lọ náà ti wọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó fún un, bí ẹ kò bá fi ojúkòkòrò ṣètò rẹ̀.

Ojúkòkòrò yìí ló ń ba ìrìn-àjò ráńpẹ́ jẹ́. Èèyàn á ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti ná owó mọ́tò, òun máa rí Àjàṣẹ́, Kútọnu, Ganvié, Ouidah, kí òun sì tún ya Abomey bí òun bá ń padà bọ̀. Ohun tí yóò rí kò ní ju ojú ọ̀nà àti ẹ̀yìn orí dírẹ́bà lọ. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ mú ìlú kan lóòjọ́, kí ẹ sì mú ohun méjì tàbí mẹ́ta péré nínú ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń lọ sí Xiamen, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ìlà-oòrùn China, mọ èyí. Erékùṣù kékeré kan wà níwájú ìlú náà tó ń jẹ́ Gulangyu, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2017. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín, ìjọba tilẹ̀ ti fi òdiwọ̀n sí iye èèyàn tó lè wọ̀ ọ́ lóòjọ́. Erékùṣù náà kéré gan-an, síbẹ̀ ẹni tó bá mọ ìrìn-àjò í ṣe á ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un nínú ọjọ́ mẹ́ta tó ní.

Oṣù wo ni kí ẹ lọ? Ẹ má lọ ní oṣù kẹfà. Òjò máa ń pọ̀ ní etí òkun nígbà náà, omi sì máa ń gba àwọn òpópónà kan ní Kútọnu. Oṣù kẹjọ dára, nítorí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, oòrùn kì í mú jù, àwọn ọmọ sì wà ní ìsinmi. Ohun tó ṣòro ni pé àgbàdo wà lóko nígbà náà, kì í ṣe gbogbo ilé ló lè fi oko sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí ní oṣù kẹjọ lè dúró di oṣù Ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní Ouidah, ẹ yàgò fún àyíká ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní, tó jẹ́ ọjọ́ ọdún Vodun. Èrò máa ń kún ìlú náà ní àkókò yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ọdún náà gan-an lẹ fẹ́ wò, ẹ tètè wá ibi tí ẹ máa sùn sí.

Ẹ gbéra ní ìdájí. Zẹ́mijàn yóò gbé yín dé ojú ọ̀nà ọ̀dà, ẹ ó sì wọ taksí tó ń gba Pobè àti Sakété sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá pọ̀, bí ẹgbẹ́ ìjọ tàbí àwọn òbí ilé ìwé, ó sàn kí ẹ kó owó jọ háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí dídúró de taksí kó kún lè jẹ odindi òwúrọ̀ kan mọ́ yín lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti Ìmẹ̀kọ tàbí Ìlárá ní Nàìjíríà wá bá ẹbí yín lọ, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ ECOWAS yín dání, kí ẹ sì gba ẹnu ibodè tó bófin mu wọlé. Má-jẹ̀ẹ́-á-mọ̀ ní ibodè kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kìíní, Àjàṣẹ́. Orúkọ mẹ́ta ni olú ìlú yìí ní: Àjàṣẹ́ ni Yorùbá ń pè é, àwọn Gun ń pè é ní Hogbonu, àwọn Potogí ló sì sọ ọ́ ní Porto-Novo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Honmè, níbi tí Ọba Toffa gbé nígbà tó ń ṣàkóso láti 1874 sí 1908. Lẹ́yìn náà ẹ rìn lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró síwájú rẹ̀ tí wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Mùsùlùmí tí ìran wọn padà láti Brazil ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia. Bí ẹ bá ní ọmọ lẹ́yìn, ohun kẹta ni Musée Alexandre Sènou Adandé, kí wọ́n lè rí àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà níbẹ̀. Kétu ni ìtàn ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, UNESCO sì ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé láti 2001. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó lọ síbi kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ìjọba ń tún ṣe lọ́dún mélòó kan yìí, wọn a sì máa ti ilẹ̀kùn láìsọ fún ará oko. Àgbẹ̀ tí kò bá fẹ́ wo ààfin lè lọ sí Songhaï, ibi tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná níbẹ̀, wọ́n ń sin ẹja, ohunkóhun kì í ṣòfò. Ẹ sun Àjàṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, Kútọnu, kò sì yẹ kí ẹ pẹ́ jù níbẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ lọ wo ère obìnrin jagunjagun tó wà nítòsí etíkun, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2022. Gíga rẹ̀ jẹ́ 30 mítà. Ọmọ China kan, Li Xiangqun, ni agbẹ́gilére tó ṣe é. Àwọn obìnrin ológun Dahomey tí wọ́n ń pè ní Agojié ni ère náà dúró fún, gbogbo Benin ló sì ń yà fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí ọmọ Kétu mọ nǹkan kan kí ó tó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ọmọ ogun Dahomey, tí irú àwọn obìnrin wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, ló pa Kétu run ní 1886 lábẹ́ Ọba Glele. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó èèyàn lẹ́rú lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún ilẹ̀ bàbá wọn ṣe. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bínú sí ère. Ère tó dára ni, orílẹ̀-èdè kan náà sì ni gbogbo wa báyìí. Ṣùgbọ́n bí bàbá àgbà kan bá wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ogun náà níbẹ̀ gan-an, lójú àwọn ọmọ. Kò sí ìwé tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ wo àwọn àwòrán aláràbarà tí wọ́n kùn sára ògiri ọgbà èbúté, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fo Dantokpa lọ́tẹ̀ yìí. Ọjà ló ń pa ìrìn-àjò ìgbafẹ́. Ìyá kan á ní òun fẹ́ ra abọ́ méjì péré, aago mẹ́rin á lù, gbogbo èrò ọkọ̀ á sì gbé ẹrù lé itan. Bí ẹ bá máa gun zẹ́mijàn ní Kútọnu, ẹ wo ẹni tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tó ní nọ́ńbà, kí ẹ sì dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún. Ouidah jẹ́ nǹkan bí ogójì kìlómítà sí Kútọnu, ibẹ̀ ni kí ẹ sùn. Ìdí tí a fi ní kí ẹ sùn síbẹ̀ ni pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ọjọ́ kẹta ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ìrìn-àjò yìí ń lọ gan-an ni Ouidah, tí àwọn Fọn ń pè ní Glexwé. Bí ẹ bá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ojúbọ erè, níbi tí àwọn ejò Dangbé ń gbé láàárín èèyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì àgbà àwọn Kátólíìkì ló kọjú sí i gan-an, títì ló pín wọn níyà. Ẹni tó bá bẹ̀rù ejò lè jókòó sọ́dọ̀ọ ṣọ́ọ̀ṣì. Owó wọlé yàtọ̀, owó fọ́tò lè yàtọ̀. Ẹ bèèrè méjèèjì kí ẹ tó gbé ejò kọ́rùn.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó le, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti gbàgede Chacha. Chacha ni oyè Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tí wọ́n bí ní Brazil, tó kú sí Ouidah ní 1849. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin dé etí òkun. Àwọn àgbàlagbà lè gun zẹ́mijàn, kí wọ́n máa dúró de àwọn yòókù ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ háyà afinimọ̀nà kan, kí ẹ bèèrè ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Yóò fi ibi igi ìgbàgbé hàn yín. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ń mú àwọn ọkùnrin yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé orúkọ àti ilé wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Zoungbodji, níbi tí wọ́n ṣe ìrántí fún àwọn tó kú kí ọkọ̀ tó dé. Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ló gbẹ̀yìn, òun ni wọ́n kọ́ sórí iyanrìn ní 1995.

Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí òfin ibẹ̀ ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Kossola wà nínú wọn, ẹni tí wọ́n wá mọ̀ sí Cudjo Lewis, tí òpìtàn Sylviane Diouf sì tọpa ilé rẹ̀ dé agbègbè Bantè, nínú Benin yìí kan náà. Títí ó fi kú ní 1935 ló ń sọ nípa ilé. Kò gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín nígbà tí ẹ bá dé ìdí igi ìgbàgbé náà. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé Benin ṣe òfin kan ní 2024 tó jẹ́ kí ìran irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lè tọrọ ìwé ọmọ ìlú níbí.

Níbi tí ọ̀nà pin sí ni ewu tó ga jù nínú gbogbo ìrìn-àjò náà wà. Òkun wa kì í ṣe odò. Ìṣàn kan ń bẹ lábẹ́ ìgbì rẹ̀ tó ń fa èèyàn lọ sí ojú agbami, ẹni tó mọ odò í wẹ̀ dáadáa kò lè bá a jà. Ọmọ tó ń rí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ á sáré sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kí àgbàlagbà kan dúró láàárín àwọn ọmọ àti omi, kí ó kọjú sí àwọn ọmọ, kí ó má máa ya fọ́tò. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀ lọ wẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan omi iyọ̀, èyí tó sán wá sórí iyanrìn ti tó.

Ẹ kúrò ní Ouidah nígbà tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lọ́nà kí ẹ tó dé ilé. Bí ẹnì kan bá ń kùn nínú ọkọ̀ pé ẹ ò dé Ganvié, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìlú orí omi náà, tí àwọn tó sá fún akónilẹ́rú tẹ̀ dó sórí adágún Nokoué, tó ọjọ́ kan fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé lẹ padà dé, ẹ sinmi, kí ẹ kó àwọn ọmọ kan náà lọ wo Àkàbà Ìdẹ̀nà ní Kétu lọ́jọ́ Àìkú, ẹnu-ọ̀nà odi àtijọ́ tó ṣì dúró. Owó zẹ́mijàn nìkan ni yóò ná yín.